Akọ́létà àti Ọmọ Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì

Ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Dókítà eyín ni mí, bí iṣẹ́ mi ṣe rí nìyẹn: èèyàn á jókòó, á la ẹnu, á di ojú, èmi á sì mọ ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu ni ọkùnrin yìí wọlé. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kan ló là. Nígbà tí mo tan iná sí i lẹ́nu, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀kan ló níṣòro. Gbogbo eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti lọ ara wọn títí tí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi ti arúgbó, bẹ́ẹ̀ ewú kan ṣoṣo kò tíì yọ lórí rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò. Ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," mo ní.

Ó fi ẹnu líla dáhùn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọ irinṣẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn ọ̀dọ́ kan tí mo fi owó sí iṣẹ́ wọn ni. Tí mi ò bá gbé e, wọ́n á rò pé mo ti kú."

"Ta ló ń lé yín lójú oorun?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ẹ̀ ń payínkeke," mo ní. "Ẹni tó ń sùn dáadáa kì í ní irú eyín báyìí. Ìyàwó yín ò sọ fún yín ni?"

"Mi ò níyàwó. Ká ní mo ní, ariwo yẹn ì bá ti lé e lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, ó sì yà mí lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tí n kò rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn. Mo di eyín tó là fún un. Mo tún ní kí wọ́n bá a ṣe ike fẹ́lẹ́ kan tí yóò máa fi bo eyín rẹ̀ tó bá fẹ́ sùn, kí èyí tó kù má baà run tán.

Ó wá gba ike náà. Ó tún wá pé ó fún òun lẹ́nu. Ó tún wá pé ó ti dẹ̀ jù. Obìnrin tó ń gba orúkọ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà wa sọ fún mi pé, "Dókítà, eyín ọkùnrin yìí ti pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ o." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo dígí kí n tó jáde láàárọ̀.

Nígbà tó yá, kò ṣe àwáwí mọ́. Ó kàn ń wá lẹ́yìn tí aláìsàn ìkẹyìn bá ti lọ, á jókòó sórí ìjókòó onígi níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà, èmi á bọ́ bàtà, a ó máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ìgbésí ayé rẹ̀ fún mi. Ní yunifásítì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí èèyàn ti lè ta àlòkù: ibùsùn, fáànù, ìwé. Ìkànnì náà dàgbà, wọ́n sì tà á fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ó dá èkejì sílẹ̀, áàpù tí èèyàn fi ń pe mẹkáníìkì síbi tí ọkọ̀ bá ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn wó lulẹ̀. Ó ṣe òmíràn tó ń bá àwọn tó lẹ́rù wá ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ta ìyẹn náà. Ní báyìí, owó tó rí níbẹ̀ ló ń fi sí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

"Láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn," ó ní. "Gbogbo wọn ló fẹ́ yí ayé padà. Ayé tí wọ́n ń yí yìí, òòyì ti ń kọ́ mi."

"Ọjọ́ tí ẹ ta àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Inú yín á dùn gan-an."

"Mo ra búrẹ́dì. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo jẹ ẹ́ lásán, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí n má baà máa jókòó sílé."

Ká má purọ́, àárẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Ó ti rẹ èmi náà. Mo ti fi ọdún gbọọrọ tọ́jú ìyá mi lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àárín rẹ̀ ni ọkùnrin tí a ti jọ ṣàdéhùn ìgbéyàwó, apoògùn kan, fi mí sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin bá ń ṣe fújà níwájú mi, oorun ló ń kùn mí. Èyí kò ṣe fújà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, ó mú agbòjò wá fún mi, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀ láìmọ̀, èmi náà sì fi tèmi sílẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan títí mo fi délé.

Ó wá ku kí àwọn ará ilé mi rí i. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ojú ọ̀nà kan náà ló ń ná. Ó mọ ibi tí oníkálukú ń bọ́ sílẹ̀, àwọn èrò sì máa ń sùn fọnfọn nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bá wa ṣe alárinà. Agbọ̀ràndùn la ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú ẹbí tí kì í sọ di tirẹ̀. Òun ló mú ọkùnrin mi wọ yàrá àlejò wa, tó ń fọ́nnu fún un bíi pé òun ló bí i.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò.

"Mo gbọ́ pé o lówó," ó ní. "Owó dáa. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ò le. Nínú gbogbo nǹkan tó o ti bẹ̀rẹ̀ láyé ẹ, èwo ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo rí àgbọ̀n ọkùnrin mi tó ń mì. Mo mọ ohun tí eyín rẹ̀ ń ṣe nínú lọ́hùn-ún.

"Kò sí, sà."

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Kò sí."

"O ṣeun tó ò purọ́," bàbá mi ní. "Akọ́létà ni ẹ́. O ń kọ́lé, o ń tà á, o ń lọ kọ́ òmíràn. Kò burú, iṣẹ́ ni. Àmọ́ ọmọ mi kì í ṣe ilé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra," Agbọ̀ràndùn ní.

"Mo ti rọra. Ọkùnrin kan ti fi ọmọ yìí sílẹ̀ rí. Inú ilé yìí ni mo wà. Ó máa ń ṣí omi nílé ìwẹ̀ kí n má baà gbọ́ ẹkún ẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ. Mi ò lè tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì."

N kò mọ̀ rí pé ó ń gbọ́. Ojú tì mí, àánú bàbá mi sì ṣe mí. Nígbà tí mo sin ọkùnrin mi dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ fún un pé bàbá mi á rọ̀ tó bá yá. Ó mi orí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì rọ̀ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe pé apoògùn pè mí lórí fóònù. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọkùnrin ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi," ó ní. "Ó ra oògùn ẹ̀fọ́rí, ó wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi fi ẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ lé e jáde, àmọ́ ó béèrè ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Mo rò pé ó ń parọ́ ni. Ọ́fíìsì ọkùnrin mi ni mo gbà lọ tààrà, yàrá onígíláàsì kan tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń rí inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ya àwòrán sára pátákó. Ó rí ojú mi, ó ní kí wọ́n jáde.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ lọ bá apoògùn?"

Ó gbọ́ "ẹ" tó padà sẹ́nu mi. "Mo lọ."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ó ní wẹ́rẹ́. "Mi kì í fi owó sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ wá ẹni tó ti fi í sílẹ̀ rí. Àwọn tó dúró tì í á kàn máa yìn ín ni. Àwọn tó lọ ló máa ń sọ òótọ́."

"Ṣé owó lẹ fẹ́ fi sí mi lára?"

"Rárá o!"

"Ẹ wò ó, mo ń yọ eyín èèyàn, mo ń wo inú ẹnu wọn, síbẹ̀ mi ò yẹ ẹnu yín wò láti mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Mo kàn fẹ́ràn yín ni. Ẹ wá lọ bá ọkùnrin tó dójú tì mí, kó wá ṣàlàyé mi fún yín."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Mo ṣàṣìṣe," ó ní. "Nígbà tí mò ń lọ, kò rí báyìí lójú mi. Ìgbà tó o sọ ọ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

"Ẹ bá mi kí àwọn tó ń yí ayé padà," mo ní, mo sì jáde.

Oṣù ń gorí oṣù. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Tí aláìsàn ìkẹyìn bá lọ, n kò bọ́ bàtà mọ́, ilé ni mò ń gbà lọ. Bàbá mi kò bi mí ní nǹkan kan, àmọ́ ó máa ń yí ohùn rédíò rẹ̀ sílẹ̀ tí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń tẹ́tí sí. Torí náà n kò sunkún nílé. Ọ̀nà iṣẹ́ ni mo ti ń sun ún. Mo ń bi ara mi pé, ṣé bí mo ṣe máa ń yan èèyàn nìyí? Ọ̀kan fi mí sílẹ̀, èkejì lọ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, òun gan-an ló sì ń dá kún àárẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kan, Agbọ̀ràndùn wọlé wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó gun orí àga aláìsàn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Eyín kan ò dùn mí o," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni. Ọkùnrin yẹn rán mi sí ẹ."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbọ́ tán kó o tó bínú. Ó ní bí òun ṣe lọ bá ẹni tó fi ẹ́ sílẹ̀, kí ìwọ náà lọ bá ẹni tó fi òun sílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ dá ti àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé ló ní báyìí. Ó ní òun ò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn wá, òun ò sì ní í bá a sọ ọ́, kó o má baà rò pé òun ló kọ́ ọ lóhun tó máa sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè fẹ́ra yín láì ṣe bí ọlọ́pàá. Ìyá mi kàn wo bàtà ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan ni, ó ní ó mọ́, ọ̀rọ̀ tán."

Mo ní mi ò lọ. Mo sọ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì náà ni mo lọ.

Inú ilé ìtẹ̀wé náà gbóná, ẹ̀rọ ń ké, tádàwà sì wà lọ́wọ́ obìnrin náà dé ìgúnpá. Nígbà tí mo sọ ẹni tó rán mi, ó pa ẹ̀rọ.

"Ó ní kó o wá bá mi? Èmi gan-an?" Ó mi orí. "Ọkùnrin yẹn ò gbọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi í sílẹ̀?"

"Ta ló ní mo fi í sílẹ̀? A lé e ni."

Mo wá ibi jókòó sí.

"Ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ rà wá," ó ní. "Òun nìkan ni kò fẹ́ tà. Ó ní a ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn tó fi owó sí i ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò lórí àga nawọ́ sókè. Gbogbo wa tá a jókòó yí tábìlì ká la nawọ́. Èmi ni mo nawọ́ kẹ́yìn. Ó ń wò mí nígbà tí mò ń gbé e sókè. Mi ò kórìíra ẹ̀ o. Ó ti rẹ̀ mí ni, mo fẹ́ sùn. Wọ́n fún un ní ìpín tiẹ̀, wọ́n gba káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀ náà."

"Èyí tó ṣe kẹ́yìn ńkọ́, ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù?"

"Bákan náà ni. Wọ́n tà á mọ́ ọn lórí. Èyí tó wó yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó bá a dù. Àbúrò mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní títí dọjọ́ ìkẹyìn ló wà níbẹ̀, tó ń bá wọn wá iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbá ọ́fíìsì, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé." Ó ń fi aṣọ nu tádàwà lọ́wọ́, kò lọ. "Bá mi sọ fún un pé... Rárá. Má sọ nǹkan kan fún un."

Mo pe ọkùnrin mi lọ́jọ́ náà. Ó wá sórí ìjókòó onígi, ó ti rù. Mo bọ́ bàtà.

"Kí ló dé tó ò sọ fún bàbá mi pé wọ́n lé ẹ ni?"

Ó gbọ́ bí mo ṣe pè é, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Tí mo bá ní èmi ni mò ń fi nǹkan sílẹ̀, wọ́n á ní mi ò ṣeé fọkàn tán. Tí mo bá ní wọ́n ń lé mi, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó fẹ́ mi. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́."

"Kí ni apoògùn sọ nípa mi?"

"Ó ní o ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ. Ó ní òun dúró dè ẹ́ títí, ó rẹ òun. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àléébù." Ó wo ilẹ̀. "O bi mí lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀rù kí ni. Gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn ló nawọ́ sókè. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà máa nawọ́ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí apoògùn sọ̀rọ̀ yẹn tán, mo mọ̀ pé o ò ní í ṣe é. Mo ti wá ba nǹkan jẹ́ kí n tó délé."

Mo sunkún níbẹ̀, níwájú rẹ̀, láì ṣí omi kankan.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin onítẹ̀wé fún bàbá mi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ èmi náà," ó ní. "Wọ́n gé kéèkì, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún ọmọdé kan ní ọkọ̀ mi. Mo sọ fún ìwọ àti ìyá ẹ pé èmi ni mo fẹ́ sinmi." Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀ padà. "Ní kó wá."

Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi kò fi ti ìkíni falẹ̀, ìbéèrè ọjọ́sí náà ló tún bi í: "Èwo ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ọkùnrin mi ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ike eyín tí mo ṣe fún un. Ó ti gé e jẹ, ó ti lu níbi méjì.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí ọmọ yín ṣe fún mi, sà. Ó ti bàjẹ́, àmọ́ òun nìyẹn."

Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí n kò gbọ́ láti ìgbà ìyá mi. Agbọ̀ràndùn ti ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ fún àlejò, kọ́nà kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ po tíì.

Nígbà tí mo fi padà dé, ọkùnrin mi ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Nígbà tó yá, ó pa ẹnu dé, eyín rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké keke tí gbogbo yàrá ń gbọ́. Ojú tì mí. Mo gbé tíì sílẹ̀, mo na ọwọ́ láti jí i.

"Má fọwọ́ kàn án," bàbá mi ní jẹ́jẹ́. "Èrò tó bá sùn nínú ọkọ̀ mi, mi ò jí i rí, àfi tá a bá dé ibi tó ti fẹ́ bọ́." Ó wò ó títí, ó wá yíjú sí mi. "Níbo ni tiẹ̀?"

"Ibí ni, Bàbá."

"Ó dáa," ó ní, ó sì na ọwọ́ pa rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.